Owó Gbà-má-bínú

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa Yorùbá kì í fẹ́ sọ síta, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìdílé tí kò lè kàn. Bí ènìyàn ẹni bá kú, tí kì í ṣe àìsàn ni ó pa á, tí kì í sì í ṣe ogbó, tí ó jẹ́ pé àìbìkítà ẹlòmíràn ni ó mú ikú wá, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a pe ẹni náà lẹ́jọ́, kí a sì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀? Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìdáhùn tí àwọn àgbà máa ń fún ìbéèrè yìí: ẹ fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ó pẹ́ tí mo fi gbà á gbọ́. Mo tilẹ̀ ti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi rí pé ara ìwà ọmọlúàbí ni. Ikú àbúrò mi ni ó mú mi tún un rò.

Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2011 ni. Èlùbọ́ ni ó ń tà ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn, Ìyá Ìbejì sì ni gbogbo ọjà ń pè é. Ó lọ ra ọjà ní Òkè-Ògùn, ó ń bọ̀ nínú ọkọ̀ akérò kan nígbà tí táyà ọkọ̀ náà jò ní tòsí Mọ́níyà. Awakọ̀ wọn dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, àwọn èrò sì sọ̀ kalẹ̀. Ibi tí wọ́n dúró sí ni tírélà kan ti yà bá wọn. Ènìyàn mẹ́ta ni ó kú lójú ẹsẹ̀, àbúrò mi sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹni ọdún 41 ni. Ó fi ọkọ sílẹ̀, ó fi ìbejì tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 14 àti Ìdòwú tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 9 sílẹ̀, ó sì fi ìyá wa sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta tí a sin ín ni àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́ tí ó ni tírélà náà dé. Ọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n, wọ́n múra dáradára, wọ́n sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n fa màlúù kan wá, wọ́n kó àpò ìrẹsì márùn-ún wá, wọ́n sì mú àpò ìwé kan tí ₦150,000 wà nínú rẹ̀ dání. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ àwọn bá wa kẹ́dùn, wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n yọ ìwé kan jáde. Ojú ewé kan ṣoṣo ni, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Wọ́n ní kí ọkọ olóògbé fọwọ́ sí i pé ọ̀rọ̀ náà ti parí, àti pé òun àti ẹbí kò ní pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ títí láé.

Ẹ̀gbọ́n bàbá wa, tí ó jẹ́ olórí ẹbí, ní kí Bàbá Ìbejì fọwọ́ sí i. Ó ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ó ní, ‘Ṣé ìdílé tiwa ni yóò wá máa ta òkú ni?’ N kò ní purọ́: ọ̀rọ̀ náà wù mí nígbà náà. Ó jọ ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn tí ó ní iyì. Ohun tí kò jẹ́ kí a fọwọ́ síwèé ní ọjọ́ náà kò ju pé ọwọ́ Bàbá Ìbejì ń gbọ̀n, kò lè di kálàmù mú. Àwọn àlejò náà ní àwọn yóò padà wá.

Kí wọ́n tó padà wá, ẹlòmíràn dé. Ní àṣálẹ́ ọjọ́ kẹjọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú bàbá rẹ̀ àti ààfáà àdúgbò wọn. Kò tíì kí ẹnikẹ́ni tí ó fi dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá wa. Bàbá rẹ̀ ni ó sọ fún wa pé òun ni ó wa tírélà náà, pé àná ni àwọn ọlọ́pàá gba onídùúró rẹ̀. Awakọ̀ náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun ti sọ fún ọ̀gá àwọn pé bíréèkì ọkọ̀ náà kò mú mọ́, wọ́n sì ní kí òun wà á bẹ́ẹ̀ tàbí kí òun fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí yóò wà á. Kò sọ ọ́ bí ẹni tí ń wá àwáwí. Ó ní òun ni òun gba kọ́kọ́rọ́, òun ni òun wà á, òun ni òun jẹ̀bi.

Ìyá wa kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, ó ní, ‘Dìde, ọmọ mi. N kò bínú sí ọ mọ́. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ìyá tìrẹ rí irú èyí.’ Ó ní kí wọ́n bu omi fún un mu. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó yíjú sí mi, ó ní, ‘Ẹni tí ó ni ọkọ̀ ńkọ́?’

Mo ní, ‘Wọ́n ti wá, Màámi. Àwọn ni wọ́n mú màlúù wá.’

‘Màlúù ni wọ́n mú wá,’ ni ó dá mi lóhùn.

Ọ̀rọ̀ márùn-ún yẹn ni n kò lè gbàgbé. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí a ń pe owó tí a ń san fún ẹni tí a ṣẹ̀. Owó gbà-má-bínú ni. Gbólóhùn méjì ni a so pọ̀ di orúkọ kan: gbà, má bínú. Èkíní jẹ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́, èkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Èkejì yìí ni ó sọ èkíní di ohun tí ojú kò ní í ti ènìyàn láti gbà, nítorí ẹni tí ó sọ pé ‘má bínú’ ti gbà pé ìdí wà tí ó fi yẹ kí á bínú. Awakọ̀ náà kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́. ‘Má bínú’ nìkan ni ó mú wá, ìyá wa sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìgba owó. Ilé-iṣẹ́ mú ‘gbà’ wá, wọ́n fi èyí tí ó kù sílẹ̀ sí ọ́fíìsì wọn. Ìgbà tí mo rí èyí ni mo lọ bá Bàbá Ìbejì pé kí ó má fọwọ́ sí ìwé kankan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ó ṣe mí ní kàyéfì nígbà tí mo ń ro ọ̀rọ̀ yìí. Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ohun tí àwùjọ kan kà sí iyebíye, kí ó wo ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́. Nítorí ilẹ̀ ìdílé, àwa Yorùbá a máa ṣe ẹjọ́ láti kóòtù ìbílẹ̀ títí dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ. Bàbá a bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́, ọmọ a bá a parí rẹ̀. Nítorí oyè, ọmọ ìyá a pe ọmọ ìyá lẹ́jọ́, wọn a sì pe ìjọba mọ́ ọn. N kò tíì gbọ́ kí olórí ẹbí kan dìde ní ìpàdé ìdílé, kí ó ní kí wọ́n fi ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan ènìyàn tí ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì pa, tàbí aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà tán lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí a ń wá ẹni tí yóò sanwó káàdì, ìgbà náà ni gbogbo wa máa ń rántí pé ti Ọlọ́run ni ẹ̀san. A ó kàn máa wí pé ẹni tí ó lọ ti lọ. Àfi bí ẹni pé ilẹ̀ ṣọ̀wọ́n ju ènìyàn lọ.

N kò fi ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mọ ìdílé tí ó ní gbogbo ohun tí ó yẹ láti fi pe ẹjọ́, tí wọ́n jókòó, tí wọ́n rò ó, tí wọ́n sì dárí jì. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lè pe ẹjọ́ tí kò sì pè é ni ó dárí jì. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun lè pè é, tàbí tí kò ní owó agbẹjọ́rò, kò dárí ji ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn rẹ́ ẹ jẹ ni. Ẹni tí kò lágbára sì ni a máa ń wàásù ‘ẹ fi lé Ọlọ́run’ fún jù lọ. N kò gbọ́ kí wọ́n wàásù rẹ̀ fún ilé ìfowópamọ́ tí a jẹ ní gbèsè.

Àwọn ìwé mímọ́ tí a ń gbé lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà kò sì bá wa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú Ìwé Ẹ́kísódù, orí 21, òfin kan wà nípa màlúù tí ó kan ènìyàn pa. Bí màlúù náà kò bá ṣe irú rẹ̀ rí, òun nìkan ni yóò kú. Olówó rẹ̀ kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń kàn tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì ti kìlọ̀ fún olówó rẹ̀ tí kò so ó mọ́lẹ̀, ẹ̀bi di ti olówó. Ikú tọ́ sí i, àfi bí wọ́n bá ní kí ó fi owó ra ẹ̀mí ara rẹ̀ padà. Mo ti ka orí yìí láìmọye ìgbà gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé-ìwé ìjọ; ìgbà tí mo kà á lẹ́yìn ìbẹ̀wò awakọ̀ yẹn ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tírélà ni. Nínú Àlùkùránì, orí kẹrin, ẹni tí ó bá ṣèèṣì pa onígbàgbọ́ yóò dá ẹrú kan sílẹ̀ lómìnira, yóò sì san owó ẹ̀jẹ̀ fún àwọn ènìyàn òkú, àyàfi bí wọ́n bá yọ̀ǹda rẹ̀ fún un. Ẹ kíyè sí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tò. Ẹ̀tọ́ ni owó náà kí ó tó di ohun tí a lè yọ̀ǹda. Ènìyàn kì í fi ohun tí kò tíì di tirẹ̀ tọrẹ.

Òfin tí a bá lọ sí ilé ẹjọ́ kò ti inú ìwé mímọ́ wá, bẹ́ẹ̀ ni kò ti ààfin wá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti wá, ìtàn rẹ̀ sì tọ́ kí á mọ̀. Ní 1808, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Baker pe àwọn tí ó ni kẹ̀kẹ́ ẹṣin akérò lẹ́jọ́. Kẹ̀kẹ́ náà dojú dé nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ọkùnrin náà fara pa, ìyàwó rẹ̀ sì kú lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan. Adájọ́ Ellenborough gbà kí wọ́n san owó fún ìfarapa rẹ̀ àti fún àìrí ìrànlọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ títí di ọjọ́ tí obìnrin náà kú. Láti ọjọ́ ikú náà lọ, kò sí nǹkan kan mọ́. Ó ní nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, a kò lè ka ikú ènìyàn sí ìpalára. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó dínwó fún olówó ọkọ̀ kí ó pa èrò ju kí ó ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀ lọ. Ọdún 38 ni ó fi wà bẹ́ẹ̀, títí ọkọ̀ ojú irin fi bẹ̀rẹ̀ sí í pa ènìyàn púpọ̀, kí ilé aṣòfin wọn tó ṣe òfin tuntun ní 1846, tí ó fún ọkọ, ìyàwó, òbí àti ọmọ olóògbé ní ẹ̀tọ́. Àwọn amúnisìn kó òfin náà wá sí ọ̀dọ̀ wa. Irú rẹ̀ sì wà nínú àkójọ òfin tí Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà tẹ̀ jáde ní 1959.

Ohun tí òfin yìí ń wọ̀n ni àǹfààní tí òkú ń ṣe fún àwọn tí ó fi sílẹ̀. Kò wọn òkú fúnra rẹ̀, kò sì wọn omijé. Ní 1852, nínú ẹjọ́ opó kan tí ó pe ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin lẹ́jọ́, àwọn adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní a kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan kún owó náà nítorí ìbànújẹ́ ọkàn. Àwọn fúnra wọn ti tún èyí ṣe ní ilẹ̀ wọn. Òfin 1982 fi iye kan lélẹ̀ fún ọ̀fọ̀, £3,500 nígbà náà. Ó di £15,120 ní 2020. Ìlànà àtijọ́ ni agbẹjọ́rò tiwa fi bá wa ṣírò.

Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan ni agbẹjọ́rò náà. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó mú ìwé àti kálàmù, ó ní, ‘Èló ni wọ́n ń mú wọlé lóṣù, sà?’ Mo ní n kò mọ̀. Ó ní, ‘Nínú rẹ̀, èló ni wọ́n ń ná sórí ara wọn?’ Mo bi í pé kí ni ìyẹn kàn wọ́n. Ó ṣàlàyé fún mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé a ó kọ́kọ́ yọ ohun tí olóògbé ń jẹ àti èyí tí ó ń wọ̀ kúrò. Èyí tí ó bá ṣẹ́ kù ni tí àwọn ọmọ, ti ọkọ àti ti ìyá. Ìyẹn ni a ó fi iye ọdún kan sọ di púpọ̀. Mo bínú, mo sì fẹ́ dìde. Mo rí àbúrò mi lójú ọkàn mi níbi tí ó jókòó sí lẹ́yìn ìsọ̀ rẹ̀, tí ó ń jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì, tí ẹnì kan sì ń ṣírò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí bí a ó ti ṣe é. Oníṣòwò ọjà kì í ní ìwé owó oṣù. A lọ ṣí àpótí irin tí ó wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. A bá káàdì alájọ níbẹ̀, ọdún méje gbáko, tí alájọ fi àmì sí ní ojoojúmọ́. A bá ìwé ẹ̀rí owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, tí ó fi rọ́bà dì pọ̀. A sì bá ìwé kékeré mẹ́ta tí ó ń kọ gbèsè sí: orúkọ ènìyàn, iye kóńgò èlùbọ́, àti ọjọ́. Ó fi ìlà fa àwọn orúkọ kan já, ó sì kọ ‘ó tó’ sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Nígbà tí a wá àwọn obìnrin náà kàn ní ọjà, wọ́n ní àwọn kò san gbèsè náà tán. Ọ̀kan ní ọmọ òun ni ó wà ní ilé ìwòsàn nígbà náà, òmíràn ní iná jó ìsọ̀ òun. Alájọ fúnra rẹ̀ ṣe tán láti wá jẹ́rìí.

Agbẹjọ́rò náà wo inú ìwé kékeré kejì, ó ní, ‘Sà, ta ni Bùrọ̀dá?’

Èmi ni. Ní ọdún tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyàwó mi, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó gbé owó wá fún mi, n kò sì san án padà. Ó ti kọ ‘ó tó’ sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo rẹ̀. Èyí kò sì tíì dé ìdí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí bàbá wa kú ní 1986, kíláàsì kẹta ni ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà. Owó kò tó fún àwa méjèèjì, ó sì kúrò níbẹ̀, ó tẹ̀lé ìyá wa lọ sí ọjà. Èlùbọ́ yẹn ni ó rán mi ní yunifásítì. Mo béèrè bóyá a lè fi ìyẹn kún ẹjọ́. Agbẹjọ́rò ní rárá. Ọjọ́ iwájú ni òfin ń wọ̀n, kì í ṣe ohun tí ó ti kọjá, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kò sì sí lára àwọn tí òfin 1846 kà sí ẹni tí ó pàdánù.

Èmi ni mo kọ ìtàn ayé rẹ̀ sínú ìwé ètò ìsìnkú. Onínúure ni mo pè é, ìyá rere, aláápọn. Kò sí òkú tí a kò lè kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún. Nígbà tí a to ẹ̀rí ẹjọ́ jọ tán, tí mo kà á láti òkè dé ilẹ̀, ìgbà náà ni mo tó mọ ẹni tí ó kú. Mo rò pé àwọn tí ń sọ pé ẹni tí ó pe irú ẹjọ́ yìí ń ta òkú kò tíì rí bí a ti ń ṣe é. Ọjà títà kò ní kí á mọ ohun tí a ń tà tó bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí n dárúkọ ohun kan nítorí àwọn tí ọ̀rọ̀ náà lè kàn. Ọdún mẹ́ta ni irú ẹjọ́ tiwa ní kí ó tó kú. Bí ó bá ṣe pé ọkọ̀ ìjọba ni, tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, òfin kan wà tí ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba, oṣù mẹ́ta péré ni ó fi sílẹ̀. Àwa ń ka ọjọ́ mẹ́jọ, a ń ka ogójì ọjọ́, ẹlòmíràn ń dúró di ìgbà tí ọmọ tí ó wà ní Amẹ́ríkà yóò lè wálé. Kí a tó bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, òfin ti pa ilẹ̀kùn dé. Ẹni tí ó ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀fọ̀ rí, tàbí kí ó jẹ́ pé ó mọ̀ dáadáa bí ọ̀fọ̀ ti ń gba ọjọ́ lọ́wọ́ ènìyàn.

N kò sọ pé owó náà mọ́ ní gbogbo ọ̀nà. Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Èyí kò yọ ilé tiwa sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa tí ó ní a kò gbọdọ̀ ta òkú, òun ni ó kọ́kọ́ ránṣẹ́ béèrè pé kí ni ìpín olórí ẹbí nígbà tí ó gbọ́ pé owó lè jáde. Bàbá Ìbejì fẹ́ ìyàwó mìíràn ní 2014, àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lábẹ́ ahọ́n. Èmi gan-an, ní àárín ẹjọ́ náà, mo bá ara mi níbi tí mo ti ń retí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ bí ẹni tí ń retí owó ìfẹ̀yìntì. Àfẹ́kù ẹni lè di iṣẹ́ ẹni. Mo rí èyí, ó sì bà mí lẹ́rù.

Ní 2012 ni a gbé ẹjọ́ náà lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ní Ìbàdàn. Wọ́n sún un síwájú, wọ́n tún un sún. Awakọ̀ náà, tí wọ́n ti lé kúrò níṣẹ́, wá lẹ́ẹ̀mejì láti jẹ́rìí nípa bíréèkì náà, owó ọkọ̀ ara rẹ̀ ni ó sì wọ̀. Adájọ́ kò jókòó ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ kejì, agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ ní ara òun kò yá. Ní 2015, wọ́n ránṣẹ́ pé kí á yanjú rẹ̀ ní ìta: wọn yóò san ₦6,500,000, a ó sì fọwọ́ sí i pé ilé-iṣẹ́ náà kò gbà pé òun jẹ̀bi ohunkóhun, àti pé àwa kò ní dárúkọ wọn níbikíbi.

Irú ìwé yìí wọ́pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Ní oṣù Bélú 1995 ni ìjọba ológun so Ken Saro-Wiwa àti ará Ògóni mẹ́jọ kọ́. Àwọn ẹbí wọn pe ilé-iṣẹ́ Shell lẹ́jọ́ ní New York, wọ́n ní ó lọ́wọ́ sí i. Ní 2009, nígbà tí ìgbẹ́jọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀, Shell san mílíọ̀nù 15.5 dọ́là, ó sì ní òun kò jẹ̀bi, àánú ni òun fi ṣe. Ní ọdún yẹn kan náà ni Pfizer gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là fún Ìpínlẹ̀ Kánò nítorí oògùn tí wọ́n dán wò lára àwọn ọmọdé nígbà àjàkálẹ̀ àrùn yírùnyírùn ní 1996. Àwọn náà kò gbà pé àwọn ṣẹ̀. N kò dá àwọn ẹbí tí ó gba owó náà lẹ́bi. Ẹni tí ó ti jà fún ọdún 13 ni ó mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé nínú gbogbo owó ńlá wọ̀nyí, ‘gbà’ ni ó wà níbẹ̀.

Àwa náà fọwọ́ sí i. Ìbejì ti di ẹni ọdún 18, wọ́n ti gbà wọ́n sí yunifásítì, bàbá wọn kò sì rí owó náà san. Ìyá wa ti ń ṣàìsàn. Bàbá Ìbejì bi mí léèrè, mo ní kí ó fọwọ́ sí i. A fi èyí tí ó pọ̀ jù sí orúkọ àwọn ọmọ ní ilé ìfowópamọ́, a mú ti ìyá wa fún un, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ agbẹjọ́rò. N kò rò pé a ṣe ohun ìtìjú. Ṣùgbọ́n ohun tí awakọ̀ yẹn fẹ́ wí ní iwájú adájọ́, kò wí i. Kò sí ìwé ilé ẹjọ́ kankan tí ó sọ pé wọ́n ti kìlọ̀ fún olówó màlúù. Tírélà wọn ṣì ń kọjá ní títì náà. Mo máa ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí a fọwọ́ síwèé, mo lọ bá ìyá wa. Mo sọ iye owó náà fún un. Ó ṣe àdúrà fún àwọn ọmọ, ó sì ṣe àdúrà fún agbẹjọ́rò. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí n ka ohun tí àwọn ọlọ́kọ̀ kọ fún òun. Mo mú awò mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ẹsẹẹsẹ. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ní àwọn kò gbà pé àwọn jẹ̀bi, mo fò ó. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ ìtumọ̀, n kò ṣe irú rẹ̀ rí. Mo ka ìyókù dé òpin.

Ìyá wa ní, ‘Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyẹn?’

Mo ní, ‘Gbogbo rẹ̀ nìyẹn, Màámi.’

Ó na ọwọ́, ó gba ìwé náà, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀wé. Ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú àti lẹ́yìn, ó ká a, ó sì dá a padà fún mi.